Ohùn Ìbejì Láti Kúbà: Ìtàn Ẹgbẹ́ Olórin Ibeyi

Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ kan ní London tí ń gbé àwo orin jáde, XL Recordings, gbé àwo kékeré kan síta tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Oya. Àwọn ọmọbìnrin méjì ni ó kọ ọ́. Ìbejì ni wọ́n. Wọn kò sì tí ì pé ogún ọdún nígbà náà. Pàrísì ni a bí wọn sí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin náà. Ṣùgbọ́n bí orin náà ti ń súnmọ́ òpin, Gẹ̀ẹ́sì rọra kúrò lẹ́nu wọn, èdè mìíràn sì gbapò rẹ̀. Bí Yorùbá kan bá fetí sí i dáadáa, yóò ta kìjí, nítorí Ọya ni wọ́n ń pè, èdè àwọn baba ńlá rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é.

Ibeyi ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí ahọ́n àwọn ará Kúbà ti ń tún ọ̀rọ̀ Yorùbá rọ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Ìbejì ni. Èdè Sípéènì tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kò ní irú ìró j tiwa, nítorí náà y ni ó gbapò rẹ̀. Kò ní ṣ, ch ni wọ́n fi dípò. Kò sì ní gb rárá. Báyìí ni Ṣàngó ṣe di Changó, tí Ọ̀ṣun di Ochún, tí Yemọja di Yemayá, tí Ẹlẹ́gbára di Elegguá, tí àṣẹ di aché, tí "mo júbà" sì di moyubá. Ohùn ọ̀rọ̀, èyí tí í ṣe ẹ̀mí èdè Yorùbá, ni ó kọ́kọ́ sọnù lójú ọ̀nà. Orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ìbejì náà, Lisa-Kaindé Díaz, jẹ́ ẹ̀rí ìrìn-àjò yìí: Kaindé ni Kẹ́hìndé. Naomi Díaz ni orúkọ èkejì rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 1994 ni ọjọ́ ìbí wọn.

Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn àwọn ọmọ wọ̀nyí láìfẹsẹ̀ kan bí Yorùbá ṣe dé Kúbà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, tí ogun abẹ́lé sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan, àwọn tí a kó lẹ́rú pọ̀ lọ jàra, oko ìrèké Kúbà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn. Òwò ẹrú sí erékùṣù náà kò dáwọ́ dúró títí di àwọn ọdún 1860. Ọdún 1886 ni oko ẹrú fúnra rẹ̀ tó dópin níbẹ̀. Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa, orúkọ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú "olùkù mi" ni ó ti jáde. Nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ìjọba Sípéènì gbà fún ẹrú àti ọmọ ẹrú láti dá, ní Havana, ní Regla, ní Matanzas, ni wọ́n ti ń bọ òrìṣà lábẹ́ àwòrán àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Páàdì. Nígbà tí Lydia Cabrera tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Lukumí rẹ̀, Anagó, jáde ní ọdún 1957, ẹnu àwọn àgbà tí ó wà láàyè ni ó ti gba àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Èdè náà kò kú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ni pé ó kúrò lọ́jà, ó kúrò nídìí ààrò, ó wá ń gbé ojúbọ nìkan. Ẹni tí kò lè fi Lukumí ra iyọ̀ lè fi í kọ orin Ọbàtálá láti àárọ̀ di alẹ́.

Ìbejì pàápàá ní ìtàn tirẹ̀ ní Kúbà. Níbẹ̀, ọmọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun ni wọ́n pè wọ́n, Yemọja ni wọ́n sì ní ó tọ́ wọn dàgbà. Ìtàn kan tí àwọn onísìn Lukumí fẹ́ràn ni ti èṣù burúkú kan tí ó dẹ pàkúté sí gbogbo ọ̀nà tí ó ń pa ènìyàn jẹ. Àwọn ìbejì méjèèjì gba ọ̀nà náà lọ, ọ̀kan ń rìn ní gbangba, èkejì fara pamọ́ sínú igbó. Ẹni tí ó wà ní gbangba bẹ̀rẹ̀ sí lu ìlù, ẹbọra náà sì bẹ̀rẹ̀ sí jó. Bí ó bá ti rẹ ọ̀kan, èkejì a yọ jáde, a gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹbọra kò mọ̀ pé ẹni méjì ni, ó ṣe bí ọmọ kan ṣoṣo tí kì í rẹ̀ ni. Ó jó títí ó fi ń bẹ̀bẹ̀, kò sì rí ìsinmi àfi ìgbà tí ó kó pàkúté rẹ̀ kúrò. (Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti onígbàgbọ́ ni wọ́n kọ́ wa láti máa fi Èṣù pe Sàtánì, ẹbọra inú ìtàn yìí kì í ṣe Èṣù Láàlú.) Ìtàn yìí yẹ ní mímọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ orin Ibeyi, nítorí bí wọ́n ṣe ń kọrin gan-an nìyẹn: bí Lisa-Kaindé bá ń lé, Naomi a wà lábẹ́ rẹ̀, a tún yọ, ohùn méjèèjì a sì dà bí ohùn ẹnì kan tí ó mí lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá wọn ni Miguel Díaz, tí gbogbo ayé olórin mọ̀ sí Angá. Ìgbèríko Pinar del Río ní ìwọ̀-oòrùn Kúbà ni a bí i sí ní ọdún 1961. Ó wọ ẹgbẹ́ Irakere ti Chucho Valdés ní ọdún 1987, ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ sì ti kàn. Níbi tí onílù mìíràn ti ń fi kóńgà méjì tàbí mẹ́ta jẹun, Angá a to márùn-ún yí ara rẹ̀ ká, a sì mú kí wọ́n máa kọrin bí ẹni tẹ dùùrù. Ó wà nínú ẹgbẹ́ tí ó bá Roy Hargrove ti Amẹ́ríkà ṣe àwo Habana, tí ó gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 1998. Ó sì bá àwọn àgbà tí a mọ̀ sí Buena Vista Social Club ṣiṣẹ́. Àwo tirẹ̀ tí ó fi orúkọ Èṣù ṣe àkọlé fún, Echu Mingua, jáde ní ọdún 2005. Nínú àwo náà, ó kó ìlù Kúbà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ń fi ọwọ́ yí àwo sẹ́yìn-sẹ́yìn lórí ẹ̀rọ. Ìyá àwọn ọmọ náà, Maya Dagnino, akọrin ni òun náà, ẹni tí ìdílé rẹ̀ tan mọ́ Faransé àti Venezuela. Òun ni ó wá di alábòójútó iṣẹ́ wọn.

Kì í ṣe Angá ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbé orin òrìṣà lọ bá ẹ̀rọ oníná ní Kúbà. Ẹgbẹ́ Síntesis, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ti gbé àwo Ancestros jáde ní 1987, níbi tí àwọn dùùrù oníná ti ń dá ohùn lé orin Lukumí. Àwọn kan rò nígbà náà pé àṣàkaṣà ni. Lónìí àwo náà wà lára ohun tí àwọn ará Kúbà fi ń yangàn. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ìtàn Ibeyi bí ẹni pé láti inú òfìfo ni wọ́n ti já bọ́. Ọ̀nà ti là kí wọ́n tó dé. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni ibi tí wọ́n gbé ọ̀nà náà gbà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ọkàn Angá dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójijì ní ilé rẹ̀ nítòsí Barcelona. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Lẹ́yìn ikú yìí ni Naomi jókòó lé cajón, àpótí igi tí a fi ń ṣe ìlù, ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò tí bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n lù dé góńgó. Ní àkókò kan náà ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ orin Lukumí ní kíkọ́ gidi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń lọ sí Kúbà, orin náà kò ṣàjèjì sí etí wọn. Ṣùgbọ́n kí orin wà létí yàtọ̀ sí kí ó wà lẹ́nu. Ogún ni wọ́n lọ gbà. Nílẹ̀ Yorùbá, bí onílù bá kú, ọmọ rẹ̀ ni a ń gbé ọ̀pá ìlù lé lọ́wọ́, a kì í béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin lásán. A mọ̀ pé ọkùnrin ni. Àwọn ọmọbìnrin yìí kò dúró de ẹni tí yóò gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré ní Kúbà. Ìlù bàtá mẹ́ta ni wọ́n ní níbẹ̀: Iyá, Itótele àti Okónkolo. Èyí tí wọ́n bá ti fi Àyàn sínú rẹ̀, tí àwọn ń pè ní Añá, obìnrin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bàtá tí kò ní Àyàn nínú ni obìnrin lè lù, àní èyí pàápàá fa awuyewuye nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní Havana, Obiní Batá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1993. (Kò sí ẹni tí yóò túmọ̀ orúkọ náà fún Yorùbá.) Nígbà tí Naomi gbé bàtá lé itan lórí ìtàgé ní Yúróòpù, ẹ̀yìn àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ni ó tọ̀.

Richard Russell tí ó ni XL Recordings ni ó gbà wọ́n síṣẹ́ ní ọdún 2013, òun náà ni ó sì jókòó tì wọ́n nídìí ẹ̀rọ. Ohun tí ó ṣe dára nítorí ohun tí kò ṣe. Kò da ohùn ẹ̀rọ bo ohùn ènìyàn. Nínú àwo wọn àkọ́kọ́, tí ó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2015 tí wọ́n sì fi orúkọ ara wọn pè, ohun tí etí ń gbọ́ kò pọ̀: dùùrù Lisa-Kaindé, àpótí tàbí bàtá Naomi, àtẹ́wọ́, ọwọ́ tí ń gbá àyà àti itan, ìró ìlù inú ẹ̀rọ tí ó rinlẹ̀ bí ẹsẹ̀ erin, àti àlàfo. Àlàfo yìí ni agbára àwo náà. Orin ojúbọ mọ àlàfo. Ẹni tí ó lé dákẹ́, elégbè gbà á. Àwọn tí ó ń fi ẹ̀rọ ṣe orin ijó kì í sábà fàyè gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́, nítorí ìbẹ̀rù pé oníjó yóò jókòó.

Ètò àwo náà fúnra rẹ̀ tẹ̀lé ìlànà ìsìn. Orin Elegguá ni ó ṣíwájú, nítorí a kì í pe òrìṣà kankan nílé tàbí ní Kúbà kí a má kọ́kọ́ fún Ẹlẹ́gbára ní tirẹ̀. Orin Ìbejì ni ó kẹ́yìn. Láàrin méjèèjì ni ọ̀rọ̀ àwọn òkú wà. Ọdún kan náà tí XL gbà wọ́n síṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Yanira, kú. Wọ́n fi orin kan pe orúkọ rẹ̀ nínú àwo náà, wọ́n sì fi òmíràn bá bàbá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá bi í léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé Ọya ni wọ́n fi ṣe àkọlé iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́ kò ní wá ìdáhùn jìnnà. Ní Kúbà, Ọya ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibi ìsìnkú. Àwọn kan lè ní èyí kò sí nílé, pé afẹ́fẹ́ àti odò ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa Ọya àti Egúngún pọ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Kúbà kò dá a sílẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n fà á jáde láti inú ohun tí wọ́n gbé wá ni.

Orin River ni ó tan orúkọ wọn ká. Ó ń bẹ odò pé kí ó wẹ ẹrù ọkàn nù, ó sì fi Lukumí pe Ọ̀ṣun ní ìparí. Nínú fíìmù kékeré tí a ṣe fún un, a ń ri àwọn ọmọbìnrin náà sínú omi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí orí ọ̀kan bá ti yọ, a kọ ìlà kan, a tún rì. Ó dà bí ìran ìbejì àti ẹbọra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ni ó wà níbẹ̀ dípò igbó.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti gbòòrò kíákíá. Ní ọdún 2016, wọ́n kọrin ní òpópónà Prado ní Havana nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ Chanel ṣe àfihàn níbẹ̀, ní àkókò tí Kúbà àti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bára wọn sọ̀rọ̀ padà. Ọdún kan náà ni Beyoncé fi wọ́n sínú Lemonade, iṣẹ́ tí ó kún fún àmì Ọ̀ṣun. Nínú iṣẹ́ kan náà ni Láolú Ṣenbánjọ, ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà, ti fi ọ̀dà funfun ya àrà sí ara àwọn oníjó. Ó ṣòro láti rí ibòmíràn tí ọmọ ẹni tí a kó lọ àti ọmọ ẹni tí ó kù nílé ti pàdé lábẹ́ òrùlé kan báyìí, kí ó sì jẹ́ pé obìnrin aláwọ̀ dúdú láti Texas ni ó kọ́ ilé náà. Ní 2018, Emicida, olórin ráàpù ọmọ Bùràsíìlì, pè wọ́n wá sínú orin tirẹ̀ náà.

Àwo kejì, Ash, jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Ó yàtọ̀. Ẹ̀rọ pọ̀ sí i, ìbínú sì pọ̀ sí i. Wọ́n gé ohùn ẹgbẹ́ akọrin obìnrin Bọ̀lìgéríà lẹ̀ mọ́ orin kan, wọ́n gé ọ̀rọ̀ Michelle Obama lẹ̀ mọ́ òmíràn, ìyá wọn ka nǹkan láti inú ìwé àkọsílẹ̀ Frida Kahlo, wọ́n sì fi Sípéènì kọrin fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú Me Voy, èyí tí Mala Rodríguez bá wọn ṣe. Orin tí ó wúwo jù ni Deathless. Nígbà tí Lisa-Kaindé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọlọ́pàá kan dá a dúró ní Faransé, ó fura sí i pé ó ní oògùn olóró lọ́wọ́, ó sì tú àpò rẹ̀ dà sílẹ̀. Ìwé orin ni ó wà níbẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ náà ni ó di orin. Kamasi Washington fọn fèrè sí i, wọ́n sì mú kí ègbè rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í ṣe ti ẹnì kan tí a dójú tì. Bí a bá fi ojú iṣẹ́ ọnà nìkan wò ó, Ash kò so mọ́ra tó ti àkọ́kọ́. Àlejò pọ̀ jù nínú ilé náà. Síbẹ̀, Deathless nìkan tó fi ra gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn elédè Yorùbá máa ń ṣe nípa irú orin báyìí, ẹjọ́ náà kò sì ṣe é gbé jù sẹ́yìn. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ohùn mọ́: a kò lè mọ̀ bóyá ọkọ́ ni tàbí ọkọ̀, bóyá igbá ni tàbí ìgbà. Èkejì ni pé àwọn akọrin fúnra wọn kò lè tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé orin tí ó tọ́ sí ojúbọ ni a gbé lọ sí ibi tí a ti ń ta ọtí. Ti ẹ̀kẹta yìí, àwọn àgbà onísìn ní Kúbà ni ó tọ́ láti dá a; láti ìgbà Celia Cruz ni wọ́n sì ti ń dá a láìfẹnu kò. Ṣùgbọ́n ti èkejì, kí ẹni tí ó bá wà nílé kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè iye ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ Ifá tàbí inú oríkì ilé baba rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ lè tú. A ń sọ ọ́ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbọ́ ọ, a sì ń pè é ní ìjìnlẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ìjìnlẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún kò yẹ kí ó di àìmọ̀ nígbà tí ó bá dé Matanzas. Ti ohùn ọ̀rọ̀ ni ó dunni gidi. Ó sọnù lóòótọ́, kò sì sí ẹni tí yóò dá a padà. Ẹnu tí a fi pàṣán kọ́ ní èdè mìíràn fún ìran mẹ́ta ni ó gbé èyí tí ó kù dé ọ̀dọ̀ wa.

Lẹ́yìn Ash, ọdún mẹ́rin àti àbọ̀ kọjá kí àwo ńlá mìíràn tó jáde. Àrùn Kòrónà ti gbogbo gbọ̀ngàn orin pa láàrin rẹ̀. Spell 31 jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Inú ìwé òkú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ni wọ́n ti mú àkọlé náà, Russell ni ó sì tún bá wọn ṣe é. Jorja Smith, Pa Salieu àti Berwyn bá wọn lọ́wọ́ sí i. Àwo náà kúrú ju àwọn méjì ìṣáájú lọ, ó sì tutù jù wọ́n lọ, bí ilé tí a ti sunkún tán nínú rẹ̀. Orin kan wà níbẹ̀ tí ń sọ nípa àjọṣe àwọn méjèèjì, nítorí kì í rọrùn kí ènìyàn méjì tí wọ́n jọ dé ayé tún jọ máa jẹun láti inú àwo kan.

Àmọ́ Los Muertos ni ẹni tí ó bá mọ ìsìn Lukumí yóò dúró lé. Nínú moyubá, ìjúbà tí a ń ṣe kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, a ń pe orúkọ àwọn òkú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a bá sì ti pe ọ̀kan tán, a ó fi "ibaé" tì í. Kò ṣòro láti rí ìbà nínú rẹ̀. Angá ti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Echu Mingua: ó pe àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpè tiwọn, ìlù díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ díẹ̀. Orúkọ ń tẹ̀lé orúkọ, ibaé ń tẹ̀lé wọn. Orúkọ bàbá wọn wà lára àwọn tí wọ́n pè.